Àpótí àti Ọkọ̀ Alága

[Fóònù dún, ẹnìkan gbé e. Ariwo ẹ̀rọ tó ń po fúláwà.]

ÌYÀWÓ: Hẹ́lò? Bọ̀ọ̀dá, ẹ káàsán o.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Káàsán, ìyàwó wa. Ṣé dáadáa lo wà?

ÌYÀWÓ: A dúpẹ́. Ẹ má bínú sí ariwo yìí, fúláwà ọ̀sán la ń pò. Ẹ kú ìgbádùn. Ẹ̀yin lẹ lọ ṣeré, àwa la ń jẹ ìyà iṣẹ́.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Hmm. Iṣẹ́ ńkọ́?

ÌYÀWÓ: Iṣẹ́ wà. Fúláwà ti bò mí dé ìpéǹpéjú. Àbúrò yín ńkọ́? Mo pè é títí, kò gbé e.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Fóònù ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

ÌYÀWÓ: Ó tún ti já a sílẹ̀?

BỌ̀Ọ̀DÁ: Rárá. Ó – èmi ni mo bá a mú un dání. Ìyàwó wa, ṣé àga wà níbẹ̀?

ÌYÀWÓ: Àga kẹ̀? Ta ló ń jókòó nílé búrẹ́dì?

BỌ̀Ọ̀DÁ: Kúrò níbi ariwo yẹn ná. Ṣé o gbọ́ mi?

ÌYÀWÓ: Mo gbọ́. Ẹ dúró, mò ń wọ yàrá tá a ń kó fúláwà sí.

[Ìlẹ̀kùn. Ariwo ẹ̀rọ lọ sílẹ̀.]

ÌYÀWÓ: Ó yá. Mo ti jókòó lórí àpò. Ẹ máa wí.

BỌ̀Ọ̀DÁ: A tètè dé pápá eré ọkọ̀ láàárọ̀. Oòrùn mú, ilẹ̀ gbẹ. Àpótí ṣe dáadáa.

ÌYÀWÓ: Àpótí yẹn. Ọkọ̀ tí wọ́n kó wá sílé nínú páálí, tẹ́ ẹ wá tò pọ̀ bí ẹni tó ń to bẹ́ẹ̀dì. Títí dòní, nọ́ọ̀tì irin ẹ̀ ni mò ń bá nínú àpò ṣòkòtò tí mò ń fọ̀.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Mo ní ó ṣe dáadáa. Alága náà gbé tiẹ̀ wá.

ÌYÀWÓ: Alága wo? Èyí tẹ́ ẹ bá ṣe géètì?

BỌ̀Ọ̀DÁ: Òun náà. Tírélà ló gbé ọkọ̀ ọ̀hún wá, kò gbọdọ̀ fi táyà tẹ títì. Alága wọ aṣọ eléré ìje látọrùn dé ẹsẹ̀. Ó wo Àpótí, ó ní ṣé ọkọ̀ nìyí tàbí férémù wíńdò. Àbúrò mi ní, "Alága, owó tẹ́ ẹ fi ra táyà yín nìkan, a lè fi ra ẹ́ńjìnnì tiwa, ká sì fi ṣẹ́ńjì jẹun." Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín.

ÌYÀWÓ: Ẹnu ẹ̀ náà nìyẹn.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Alága ní táyà kọ́ lòun sanwó fún. Ó ní àwọn tó mọ ìṣirò ló jókòó tì í, pé ẹ̀rọ ló wọn gbogbo ara ẹ̀, kì í ṣe pé èèyàn méjì ń fi òòlù gbá irin lẹ́yìnkùlé. Àbúrò mi ní ó dáa, ṣùgbọ́n tó bá dákú, ẹ ó gbé e padà fún àwọn tó bí i. Ó ní tiwa, tó bá yàgbẹ́ sára, a mọ ibi tá a ti máa nù ún.

ÌYÀWÓ: Bọ̀ọ̀dá.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Mo wà níbí.

ÌYÀWÓ: Ẹ ò pè mí kúrò nídìí iṣẹ́ torí àríyànjiyàn ọkọ̀.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Mò ń bọ̀ níbẹ̀. Ṣé o – ṣé o mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó ní?

ÌYÀWÓ: Irú kí ni?

BỌ̀Ọ̀DÁ: Ẹ̀jẹ̀. Àbúrò mi. Blood group ẹ̀.

ÌYÀWÓ: O positive.

BỌ̀Ọ̀DÁ: O positive. Nọ́ọ̀sì, ó ní O positive. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò náà, ṣùgbọ́n ohun tó wí nìyẹn.

ÌYÀWÓ: Ṣé ó ti kú?

BỌ̀Ọ̀DÁ: Kò kú.

ÌYÀWÓ: Bọ̀ọ̀dá, ẹ má fi mí ṣe ọmọdé.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Kò kú, mo fi ìyá tó bí wa búra. Ilé ìwòsàn la wà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo dúró sí, mò ń wò ó láti ojú gíláàsì. Ọwọ́ ẹ̀ ń mira.

ÌYÀWÓ: Mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́ títí ẹnu mi fi bó. Ọkọ̀ tí kò nílẹ̀kùn, tí kò ní òrùlé, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí wọ́n ti wó kalẹ̀ –

BỌ̀Ọ̀DÁ: Ìyàwó –

ÌYÀWÓ: Ẹ ní irin ni irin ń jẹ́. Ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ jókòó sí pálọ̀ mi, ẹ ní –

BỌ̀Ọ̀DÁ: Kì í ṣe Àpótí.

ÌYÀWÓ: Kí lẹ wí?

BỌ̀Ọ̀DÁ: Inú Àpótí kọ́ ló wà. Inú ọkọ̀ Alága ló wà.

[Ohùn ń já.]

ÌYÀWÓ: Mi ò gbọ́ yín dáadáa.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Wọ́n pààrọ̀. Ṣé o gbọ́ mi? Alága ló ní kí àwọn pààrọ̀ ọkọ̀, kí olúkúlùkù fìdí kan ti ẹnìkejì, kí ọ̀rọ̀ lè tán. Alága kọ́kọ́ gbé Àpótí. Ó fi yí pápá po, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n fún ní súìtì. Ó ní òun ò mọ̀ pé ọkọ̀ máa ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ báyẹn. Àbúrò mi wá wọ tiẹ̀.

ÌYÀWÓ: Ọkọ̀ olówó.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Ọkọ̀ olówó.

ÌYÀWÓ: Bọ̀ọ̀dá, àdúrà tí mò ń gbà lóru nìyẹn. Pé tí kò bá lè fi eré yìí sílẹ̀, kó rí ọkọ̀ gidi fi ṣe é. Èyí tí àwọn tó kàwé ẹ̀ ṣe.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Má jẹ́ kí ọkàn ẹ lọ síbẹ̀ yẹn.

ÌYÀWÓ: Ẹ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi. Ẹ má bù ú kù.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Ó kọ́kọ́ rọra lọ. Ó kọjá lọ́dọ̀ mi, ó juwọ́ sí mi. Nígbà tó tún máa kọjá, ó ti tẹ̀ ẹ́. Ìyàwó wa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọkọ̀ yẹn. Nǹkan kan ò ṣe é. Ó kàn yára ju bí ara ẹ̀ ṣe ń wí fún un lọ ni. Àpótí, kó tó yọ̀, á kọ́kọ́ gbọ̀n, á kùn, ìdí tó o fi jókòó á ti gbọ́. Èyí ń lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń sùn, kó tó wá mọ̀ pé –

[Ohùn já.]

ÌYÀWÓ: Hẹ́lò? Bọ̀ọ̀dá? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

BỌ̀Ọ̀DÁ: – ògiri táyà. Ṣé o gbọ́ mi?

ÌYÀWÓ: Ògiri táyà ni mo gbọ́.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Táyà tí wọ́n tò bí ògiri níbi kọ́nà tó kẹ́yìn. Iwájú ọkọ̀ wọnú. Ibi tí bíréèkì wà, tí ẹsẹ̀ ń wà, ó ká mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

ÌYÀWÓ: Orí ẹ̀ ńkọ́?

BỌ̀Ọ̀DÁ: Orí ẹ̀ ò ní nǹkan kan. Àyà ẹ̀ náà. Bẹ́líìtì dì í mú, férémù tó yí i ká ò tẹ̀. Ká ní Àpótí ló fi lọ gbá ògiri yẹn, pẹ̀lú eré yẹn, ọ̀rọ̀ mìíràn ni mi ò bá máa bá ẹ sọ.

ÌYÀWÓ: Àpótí ò lè sá eré yẹn.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Kò lè sá a. Òótọ́ ni.

ÌYÀWÓ: Ta wá ni ká dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀? Èyí tí kò lè sáré pa á, àbí èyí tó sáré tán tó gba orí ẹ̀ sílẹ̀?

BỌ̀Ọ̀DÁ: Mi ò mọ̀. Látìgbà tí mo ti dúró síbí ni mo ti ń rò ó.

[Ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn.]

OHÙN LÓDE: Ta ló wà nídìí ààrò? Búrẹ́dì ń jó o.

ÌYÀWÓ: Ẹ bá mi yọ ọ́, Ọ̀gá. Mò ń gba fóònù ilé ìwòsàn. – Bọ̀ọ̀dá, ẹsẹ̀ ẹ̀. Ẹ sọ ti ẹsẹ̀ ẹ̀.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ tá a fi ń gé irin lẹ́yìn ọkọ̀ wa, mo sá lọ. Mo débẹ̀ tán, mo dúró. Mi ò mọ ibi tí mo máa gé.

ÌYÀWÓ: Ẹ̀yin?

BỌ̀Ọ̀DÁ: Èmi. Àpótí, tí wọ́n bá fi aṣọ dì mí lójú, màá yọ èèyàn nínú ẹ̀. Kò sí irin kan níbẹ̀ tí ọwọ́ èmi tàbí tiẹ̀ ò kàn. Mo mọ èyí tá a lè gé, mo mọ èyí tó jẹ́ pé tó o bá gé e, á ta padà sí èèyàn lójú. Ṣùgbọ́n èyí, kò sí irin lójú. Nǹkan dúdú kan báyìí ló fi bora, ó le, ó sì ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí ìgò. Òṣìṣẹ́ pápá ní kí n gbé ẹ̀rọ mi kúrò, pé àgbá epo wà lẹ́yìn ìjókòó, iná lè sọ. Wọ́n ní ká dúró de àwọn tó mọ̀ ọ́n.

ÌYÀWÓ: Ẹ wá dúró.

BỌ̀Ọ̀DÁ: A dúró. Alága ń pe àwọn tó ta ọkọ̀ fún un, wọ́n ní kó tẹ nọ́ńbà kan, kó tẹ nọ́ńbà kejì. Àbúrò mi dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ká ní tiwa ni, ẹ ò bá ti yọ mí." Ó tiẹ̀ fẹ́ fi rẹ́rìn-ín.

ÌYÀWÓ: Ṣé ó pẹ́ kí wọ́n tó dé?

BỌ̀Ọ̀DÁ: Ó pẹ́. Ohun tí dókítà ń wí náà nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ò dé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ yẹn ní gbogbo – dúró. Dókítà ń bọ̀. Ṣé o gbọ́ mi? Màá gbé fóònù fún un.

[Fóònù kọjá lọ́wọ́. Ìró bàtà.]

DÓKÍTÀ: Madam, ẹ káàsán. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ gígùn dá yín dúró. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, láti orúnkún lọ sísàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ mọ́. Ó ti tutù. Tá a bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, májèlé inú ẹ̀ á gòkè lọ sí kíndìnrín, á lọ sí ọkàn.

ÌYÀWÓ: Ẹ fẹ́ gé e.

DÓKÍTÀ: Bẹ́ẹ̀ ni, madam.

ÌYÀWÓ: Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn?

DÓKÍTÀ: Ẹni tó lè rán iṣan ẹ̀jẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ wa. Ilé ìwòsàn ńlá ló wà. Tá a bá ní ká gbé e lọ, mi ò rò pé á débẹ̀.

ÌYÀWÓ: Ẹsẹ̀ ni kò ní débẹ̀ láàyè, àbí òun?

DÓKÍTÀ: Òun, madam.

ÌYÀWÓ: Kí lẹ wá ń dúró dè?

DÓKÍTÀ: Ẹnìkan nínú yín gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Aláìsàn fúnra ẹ̀, oògùn ti mú un. Ó sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, ó sọ bẹ́ẹ̀ ni, ó tún sùn lọ. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà níbí, mo ti gbé bírò fún un, kò gbà á. Please, we don't have time. Mò ń lọ múra.

[Fóònù kọjá lọ́wọ́.]

ÌYÀWÓ: Bọ̀ọ̀dá.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Mo wà níbí.

ÌYÀWÓ: Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fọwọ́ sí i?

BỌ̀Ọ̀DÁ: Nínú ọkọ̀ tó gbé wa wá síbí, ojú ẹ̀ ṣì là. Ó rí ẹsẹ̀ náà. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé mi bí irin." Mo ní wọn ò ní gé ọ. Ó ní kí n búra, mo búra.

ÌYÀWÓ: Ẹ búra.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Òun ló ń gun àkàbà, ìyàwó wa. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Èmi ń wẹ́ẹ̀dì nísàlẹ̀, òun ló ń to irin òrùlé lókè. Òkè yẹn ló ti máa ń kọrin. Tó bá jí, tó wo ìsàlẹ̀ ara ẹ̀ –

ÌYÀWÓ: Tó bá jí.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Tó bá jí, á ní èmi ni mo dalẹ̀ òun.

[Ohùn ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù.]

ÌYÀWÓ: Ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn?

BỌ̀Ọ̀DÁ: Alága ni. Ó jókòó sílẹ̀ nínú aṣọ eléré ìje ẹ̀, ó ń sunkún. Ó ní kí n sọ fún ẹ pé òun á ra ẹsẹ̀ fún un. Èyí tó dáa jù lọ, ó ní òkè òkun ni wọ́n ti ń ṣe é, tí èèyàn ò ní mọ̀ pé –

ÌYÀWÓ: Ẹ ní kó dákẹ́ ná.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Alága, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ dákẹ́ ná.

ÌYÀWÓ: Mi ò bá a jà. Kó ṣáà dákẹ́.

[Ohùn ń já.]

BỌ̀Ọ̀DÁ: – gbọ́ mi? Ìyàwó wa? Ṣé o gbọ́ mi?

ÌYÀWÓ: Mo gbọ́ yín. Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ̀yin lẹ búra, èmi ò búra fún ẹnikẹ́ni.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Ìyàwó –

ÌYÀWÓ: Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀ kí iná inú fóònù yìí tó kú. Èmi ni mo ní kí wọ́n gé e. Ẹ lọ gba bírò. Orúkọ tẹ́ ẹ bá kọ síbẹ̀, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ kọ ọ́, ẹnu tèmi ló ti jáde. Tó bá bi yín, ohun tẹ́ ẹ máa sọ nìyẹn. Ẹ ní mi ò jẹ́ kẹ́ ẹ rò ó.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Á bínú sí ọ. O mọ àbúrò mi. Ó lè bínú sí ọ títí ayé.

ÌYÀWÓ: Kó bínú. Ẹni tó wà láyé ló ń bínú.

[Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn kan ń ké wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.]

BỌ̀Ọ̀DÁ: Nọ́ọ̀sì. Ẹ gbé e wá. Níbo ni? Níbí?

ÌYÀWÓ: Ẹ ti kọ ọ́?

BỌ̀Ọ̀DÁ: Bébà yìí ń yọ̀ lórí ògiri.

ÌYÀWÓ: Ẹ fi ọwọ́ kejì dì í mú.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Mo ti kọ ọ́.

ÌYÀWÓ: Ẹ ṣeun.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, jọ̀ọ́. Báwo lo ṣe máa dé ibí? Ọmọ ńkọ́?

ÌYÀWÓ: Ọmọ wà níléèwé. Màá ní kí àǹtí kíláàsì ẹ̀ mú un dání. Màá ní bàbá ẹ̀ – màá mọ ohun tí màá sọ. Ọ̀gá á jẹ́ kí ọkọ̀ tó ń pín búrẹ́dì gbé mi.

BỌ̀Ọ̀DÁ: Wọ́n ti ń gbé e jáde.

ÌYÀWÓ: Níbo?

BỌ̀Ọ̀DÁ: Wọ́n ń gbé e lọ sí tíátà. Nọ́ọ̀sì, ẹ dúró. Ìyàwó ẹ̀ ló wà lórí fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ohùn ẹ̀, kò ní pẹ́. – Ìyàwó wa, mo fi fóònù sí i létí. Máa sọ̀rọ̀.

[Ìró táyà bẹ́ẹ̀dì lórí ilẹ̀. Èémí.]

ÌYÀWÓ: Bàbá ọmọ mi.

ỌKỌ: Ta nìyẹn?

ÌYÀWÓ: Èmi ni.

ỌKỌ: Ṣé o ń bínú?

ÌYÀWÓ: Mi ò bínú.

ỌKỌ: Kì í ṣe Àpótí o.

ÌYÀWÓ: Mo ti gbọ́.

ỌKỌ: Má jẹ́ kí wọ́n ní Àpótí ni. Èmi ni mi ò mọ ọkọ̀ yẹn. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

ÌYÀWÓ: Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ti tán. Gbọ́ mi.

ỌKỌ: Òtútù ń mú mi.

ÌYÀWÓ: Wọ́n á bò ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò ó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀. – Gbọ́ mi. Wọ́n ń gbé ọ lọ síbi iṣẹ́ abẹ.

ỌKỌ: Bọ̀ọ̀dá ti búra. Bọ̀ọ̀dá ní wọn ò ní –

ÌYÀWÓ: Bọ̀ọ̀dá kọ́ ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀. Èmi ni. Wọ́n máa gé ẹsẹ̀ yẹn. Bọ̀ọ̀dá ò fẹ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n gé e. Ṣé o gbọ́ mi?

[Ohùn ń já.]

ÌYÀWÓ: Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní èmi ni. Tó o bá jí, èmi ni kó o bá jà. Má bá ẹlòmíràn jà. Mò ń bọ̀ wá bá ẹ níbẹ̀, màá jókòó tì ọ́, kó o bá mi jà bó o ṣe fẹ́.

[Ìlẹ̀kùn ńlá ṣí. Èémí.]

ÌYÀWÓ: Dá mi lóhùn.

ỌKỌ: Mo gbọ́ ọ.

ÌYÀWÓ: O gbọ́ mi?

ỌKỌ: Mo gbọ́. Ẹsẹ̀ wo ni?

ÌYÀWÓ: Ọ̀tún ni. Ọ̀tún. Ṣé o gbọ́ –

[Ìpè já.]